Ẹyọ Kan Ni Mo Fẹ́ Rà

Ẹni tó bá ń retí ewì lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀yí, kó ṣe sùúrù. Inú ń bí mi, irú ìbínú tí mo sì gbé wá yìí, ewì ò lè gbà á.

Ẹnì kan nínú wa (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà á kà á) bá mi ní yàrá níbi tí mo ti ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akéwì, kí ló pa ìwọ àti áísì pọ̀? Ṣé Yorùbá ni wọ́n ní kí o wá kà ni àbí iṣẹ́ rédíò?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tán nínú mi títí di òní. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí irú wa fọwọ́ kàn. Àwọn tó ń ta nǹkan ọ̀hún náà ń sọ ọ́ fún wa lójoojúmọ́, iye tí wọ́n ń dá lé e ni wọ́n fi ń sọ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n là á. Ìyá tó bí ìyá mi ń bẹ ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé. Nígbà tí ara ṣì dá, òun ni wọ́n máa ń wá pè sí ìnáwó torí alámọ̀. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù lọ́dún tó kọjá, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀. Kò gbọ́. Etí ti ń lọ, ohùn fóònù sì tínrín bí okùn. Mo ra sípíkà kékeré kan, àwọn oníbùlúútúùtù tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà. Ìyá tẹ́tí sí i, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló wà nínú ìkòkò?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàsì ni wọ́n fi ń ta àpótí wọ̀nyẹn; ó ń dún gbì-gbì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò sì yéni. Ta ní fẹ́ gbọ́ bàsì nínú alámọ̀?

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá to tèmi. Áísì kan wà tí wọ́n ń pè ní LM386. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, kò tóbi ju èékánná lọ. Bátìrì folítì 9 tó o, torí láti 4 dé 12 ló ń jẹ. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sọ ohùn tó wọlé di ìlọ́po 20. Bí o bá fi kapásítọ̀ máíkírófáràdì 10 so ẹsẹ̀ kìíní mọ́ ìkẹjọ, ó di ìlọ́po 200. Sípíkà óòmù 8, résísítọ̀ kan, bọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn sókè sódò, àti kapásítọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà ibi tí ohùn ti ń jáde. Kapásítọ̀ ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ni ẹjọ́ wà. Bó bá ṣe kéré tó ni bàsì ṣe ń dínkù tó. Ìwé tí ó bá áísì yẹn wá ní 250. Fún ohùn ìyá àgbà, 250 ti pọ̀ jù. Ṣé 100 ni? Ṣé 47? Ṣé 22? Kò sí ẹni tó lè fi ẹnu sọ ọ́, àfi kí n gbìyànjú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìyá sì dájọ́. Nítorí náà mo fẹ́ ẹyọ kan 22, ẹyọ kan 47, ẹyọ kan 100.

Ẹyọ kan! Mo wá gbogbo Ọyẹ́, kò sí. Mo dé Adó, ẹni tó ní áísì ò ní kapásítọ̀. Ni mo bá yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń tà á pọ̀ ní Èkó, láti Alábà lọ́nà Bàdágìrì títí dé Ìkẹjà. Ẹni àkọ́kọ́ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá lòun ń ta kapásítọ̀. Ẹnì kejì gbà láti ta ẹyọ kan: áísì náírà 500, wéébíìlì dé gáréèjì Adó náírà 3,500. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀mẹ́je owó ọjà ni owó tí wọ́n fi gbé e, fún ohun tí èèyàn lè fi sínú àpòòwé!

Mo sanwó. Ó dé. Mo so ó, ó gbóná fòò, kò sọ̀rọ̀. Mo ké sí ọ̀gá ọ̀hún lórí WhatsApp, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n so ni. Mo tún un so lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó sú mi, mo tọrọ omi tí àwọn ọmọbìnrin fi ń nu kùtẹ́ẹ̀sì, mo fi òwú nu ẹ̀yìn áísì náà. Nọ́ńbà orí rẹ̀ bá òwú lọ tefétefé. Wọ́n ti fá ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ LM386 lé e lórí. Kí ló jẹ́ gan-an? Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹni tó ra ẹgbẹ̀rún kan á padà lọ bá wọn jà. Ẹni tó ra ẹyọ kan, ta ni yóò wọkọ̀ lọ Èkó nítorí náírà 500? Àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa aláìlẹ́nu ni wọ́n ń kó èyí tí kò dáa lé lọ́wọ́.

N ò ní purọ́ mọ́ ọlọ́jà o. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ ara wọn fà. Ìparí oṣù karùn-ún 2023 ni owó ìrànwọ́ orí epo lọ, epo tó wà ní nǹkan bíi náírà 190 fò kọjá 500, owó ọkọ̀ sì tẹ̀lé e. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà; dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 ti kọjá 1,500 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Ẹni tó bá sì ní òun á rà á ní òkè òkun fúnra òun, káàdì ńkọ́? Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì gé ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun sí dọ́là 20 lóṣù, lẹ́yìn náà àwọn kan tì í pátápátá. 2025 ni díẹ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i padà.

Èyí tó ń dùn mí ni pé wọ́n ní títa ẹyọ kan ò bọ́gbọ́n mu. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ sí ọjà Ọyẹ́ lónìí. Màmá á já páálí Maggi, á tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Á rọ òróró sínú ọ̀rá tó ṣe bí àtàǹpàkò, á so ó lẹ́nu. Pánádọ̀ méjì, abẹ́rẹ́ kan, iyọ̀ ṣíbí kan. Ọdún mélòó ni wọ́n ti fi ń ṣe é, tí wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kí wá ló dé tó jẹ́ pé nígbà tó kan ọ̀rọ̀ áísì, ọgbọ́n ọjà wa di òpè?

Àwọn ará Japan ò pè é ní òpè. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn oníṣòwò kéékèèké tò sí Akihabara ní Tokyo, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara rédíò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà nítòsí. Àwọn ọmọ yẹn ń to rédíò, wọ́n ń tà á jẹun. Àtẹ kéékèèké ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ẹ̀rọ dá mi lóhùn pé iye tí mo ti ná ti ra sípíkà méjì tó ti parí. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló lọ sanwó fún ẹni tó bá a to iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má bi í ní ìbéèrè. (Ọ̀rẹ́ ṣì ni wá. Bó bá bínú, á bínú tán.)

Ta ló wá gbà mí sílẹ̀? Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá títì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n fa àpótí kan jáde, òkú pánẹ́ẹ̀lì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló kún inú rẹ̀. "Èwo lo ní o ń fẹ́, ọmọ mi?" Wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n yọ kapásítọ̀ 47 kan, wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́ lójú mi, wọ́n ní kí n mú igba náírà wá. Ẹyọ kan. Wọ́n tilẹ̀ ní bí kò bá ṣe é, kí n dá a padà.

Àìmoye wa ló wà láàárín Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó tí ẹyọ kan, ẹyọ kan ń dà láàmú. Àwọn baba wa tó mọ àáró, tó mọ ọ̀wẹ̀, tó mọ èèsú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó jọ. Nítorí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ àjọ kan, ẹnikẹ́ni ì báà rẹ́rìn-ín. Mẹ́jọ ni wá báyìí. Gbogbo wa á kọ ohun tí a fẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo, a ó jọ rán an lọ, a ó jọ san wéébíìlì. Náírà 3,500 tí mo dá san lọ́jọ́sí, nǹkan bíi 440 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kápásítọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá, a ó pín in. Áísì tó bá sì dé, a ó fi òwú nù ún níwájú gbogbo wa kí a tó sọ̀rọ̀ rere nípa ẹni tó tà á.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà ń lọ. Ó wà lára ilẹ̀kùn yàrá mi. Ìyá àgbà ti gbọ́ 47, wọ́n ní ó kù díẹ̀, nítorí náà mo ti kọ 33 sí iwájú orúkọ tèmi.