Ẹ̀tọ́ Ẹran Kí Ọ̀bẹ Tó Kàn Án



Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè tí àwọn jámáà máa ń bi Alùfáà kò ju wọ̀nyí lọ: Ṣé àgbò yìí ti tó ọjọ́ orí? Ṣé kò yarọ, kò sì fọ́jú? Ta ni yóò dúńbú rẹ̀? Ìbéèrè rere ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a kì í béèrè: láti ọjọ́ tí ẹran yìí ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó sìn ín títí di òwúrọ̀ ọdún, kí ni ojú rẹ̀ ti rí?

Alùfáà kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lé ìbéèrè yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Al-Hafiz Basheer Ahmad Masri. Ilẹ̀ Íńdíà ni a ti bí i ní 1914. Ó há Àlùkùránì sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Al-Hafiz. Ó lo nǹkan bí 20 ọdún ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé, níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹranko sílẹ̀ lọ́wọ́ ìkà. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1961. Ní 1964 ó di Lémọ́mù mọ́sáláásí Woking, èyí tí a kọ́ ní 1889, tí ó jẹ́ mọ́sáláásí àkọ́kọ́ tí a dìídì kọ́ ní ilẹ̀ náà. Ní 1987 ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa ẹranko, ó sì tún tẹ òmíràn ní 1989. Ní 1992 ni ó jáde láyé.

Alùfáà yìí kò sọ pé ẹran jíjẹ di èèwọ̀. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé bí a bá ti fi ìyà jẹ ẹran láti inú ọgbà tí a ti ń sìn ín, orúkọ Ọlọ́run tí a pè sí i nígbẹ̀yìn kò sọ ìyà náà di ẹ̀tọ́. Ó bá àwọn tí ń há adìẹ mọ́ àgò tóóró wí, níbi tí adìẹ kò ti lè na ìyẹ́ apá rẹ̀.

Kì í ṣe ọgbọ́n orí rẹ̀ ni ó ń sọ. Súrà Al-An'ám, ẹsẹ 38, fi yé wa pé ìjọ bí tiwa ni àwọn ẹranko àti ẹyẹ. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, pàṣẹ pé kí a pọ́n ọ̀bẹ kí ó mú, kí a sì dẹ ìrora ẹran. Obìnrin tí ó há ológbò mọ́lé tí ebi fi pa á wọ iná. Ọkùnrin tí ó fa omi fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ rí àforíjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọjà tiwa. A ń di ewúrẹ́ tọwọ́-tẹsẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà. A ń dorí adìẹ kodò láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Màlúù ń ti Òkè Ọya bọ̀ nínú tírélà. Èyí tí ó bá ṣubú, àwọn yòókù a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn kan a ní, "A ṣáà máa pa á náà ni." Àwọn baba wa ti dá wọn lóhùn: ẹni tí yóò yọ igi ṣónṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin oníṣòwò, èrè yín náà wà níbẹ̀. Ẹran tí kò rí omi mu a máa rù. Èyí tí a nà, tí a sì dààmú kí a tó pa á, ara rẹ̀ a máa dúdú, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Apá 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa pẹ̀lú sọ ìkà sí ẹranko di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Kí Iléyá tó dé, kí mọ́sáláásí kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa wo ibi tí a so àgbò àwọn jámáà mọ́: ṣé ibòji wà, ṣé omi wà? Kí wọ́n rí i pé a kò pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, a kò sì pa ọ̀kan níṣojú èkejì. Kí Lémọ́mù fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe wáàsí ní Jímọ̀ tí ó ṣáájú ọdún. Kò ní ná wa ju garawa omi àti àánú lọ.

Kí Ọlọ́run Aláàánú fi àánú sí ọkàn wa, kí ó sì gba ìrúbọ wa. Àmín.