"Ó Máa Wọ̀ Ọ́": Ẹ Wọn Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Bú Fẹ́ńdà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni fẹ́ńdà kan fi fara ti ògiri ilé wa. ₦40,000 ni mo kó lé e, owó tí mo fẹ́ fi san nǹkan mìíràn ní yunifásítì.

Píkọ́ọ̀pù Bàámi ni mo rà á fún, Peugeot 504 tó dàgbà jù mí lọ. Pákó ló ń kó, pákó yẹn náà ló sì rán èmi àti àbúrò mi níwèé. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akóyanrìn kan ń rìn sẹ́yìn, ó gbá a níwájú lápá òsì, fẹ́ńdà ya bí ìwé. Mo dé ọjà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹni tó ń tajà bi mí: "Ṣé 504 ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó máa wọ̀ ọ́."

Kò wọ̀ ọ́ o. Ihò bóòtù ẹ̀yìn ṣe déédéé, ti iwájú fi ìka kan yà síra. Ọ̀gá panẹ́bítà wò mí, ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ yunifásítì, ti sàlúùnù lo rà yẹn. Ti sàlúùnù kì í wọ píkọ́ọ̀pù." Bàámi ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n kàn ní àwọn máa pe àwọn tó ń ra irin kòǹdéèmù. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ "ti sàlúùnù" yẹn wò. Láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn, sàlúùnù 504 jẹ́ mítà 2.74, station wagon jẹ́ 2.90, píkọ́ọ̀pù jẹ́ 3.00. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á ní, "Ẹ ò rí i?" Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti fà á gùn. Ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé wá sáyé. Irin ńlá tí wọ́n fi ń tẹ páànù di fẹ́ńdà wọ́n jù kí ilé iṣẹ́ máa ṣe mẹ́ta fún ohun tí ẹyọ kan lè ṣe. Bọ́dì tó ń kẹ́rù, ilẹ̀kùn ìdí rẹ̀ àti iná ẹ̀yìn, ìwọ̀nyẹn ni ti píkọ́ọ̀pù.

Mo mú téèpù. Mo wọn iwájú ọkọ̀ ní ìdábùú: láti ojú bóòtù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún lọ sí ti iwájú lápá òsì, mo tún wọn ìkejì láti òsì sí ọ̀tún. Tí iwájú ọkọ̀ bá gún, ìdábùú méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mátíìsì ilé ìwé girama ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mílímítà 17 ni ìyàtọ̀ tí mo rí! Imú ọkọ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fẹ́ńdà ò ṣẹ̀ rárá. Ọkọ̀ ló ti gbàgbé bí wọ́n ṣe dá a.

Ní 1908, wọ́n kó ọkọ̀ Cadillac mẹ́ta lọ sí Brooklands nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, wọ́n da ẹ̀yà wọn pọ̀, wọ́n tún yọ 89 kúrò, wọ́n fi èyí tó wà ní sítọ́ọ̀ rọ́pò wọn. Sípánà àti sukurudíráfà nìkan ni wọ́n fi tò wọ́n padà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wà wọ́n ní máìlì 500. Kì í ṣe pé ẹ̀yà wọn bára mu géérégé. Kò sí irin méjì tó bára mu tán. Wọ́n kàn fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ààlà ni: má kéré ju báyìí, má tóbi ju báyìí. Ìdí nìyẹn tí ihò fẹ́ńdà fi fẹ̀ díẹ̀ ju bóòtù lọ. Àmọ́ mílímítà díẹ̀ ni àyè yẹn lè gbà, kò lè gba 17.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn panẹ́bítà wa nìyí, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Bí fẹ́ńdà ò bá wọ̀, òòlù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú. Wọ́n á tẹ fẹ́ńdà tó gún kó lè bá ọkọ̀ tó wọ́ mu, wọ́n á fi fílà dí ìyókù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n á tú fẹ́ńdà yẹn tà fún ẹlòmíràn: "Ó máa wọ̀ ọ́." Ẹni tó bá wá fi irú rẹ̀ ṣe mọ́ọ̀dù láti tẹ tuntun, àṣìṣe ló ń bí lọ́mọ.

Àwa tá a kàwé náà jẹ̀bi. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí mọ ilẹ̀kùn tó ń bá ilẹ̀kùn lọ, wọ́n mọ ọdún tí wọ́n yí iná padà, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. A ń ṣe tíṣíìsì lórí irin tí a ò fọwọ́ kàn rí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ gbé ògbólógbòó ẹ̀yà yẹn dání, ẹ wọn àárín ihò sí àárín ihò. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ dáadáa, fílà ló wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọ̀gá panẹ́bítà gbà kí a so ṣéènì mọ́ imú ọkọ̀ náà kí a fà á, lẹ́yìn tí mo wọn ìdábùú méjèèjì lójú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ ti kù sí mílímítà 4. Gbogbo bóòtù ti wọlé àfi ọ̀kan nítòsí iná iwájú. Ọ̀gá ti gba téèpù lọ́wọ́ mi, wọn ò tíì dá a padà. Bàámi ò tíì pe oníkòǹdéèmù.