Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ Oríkì, Kó Má Kàn Kọ Nípa Oríkì

Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá, ì báà jẹ́ ní Lẹ́kì tàbí ní Peckham, ojú kan náà ni àròkọ tó dá lórí àṣà ní. Olùkọ́ á kọ “Àṣà Ìgbéyàwó ní Ilẹ̀ Yorùbá” sójú pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ á to ìgbésẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ léra: ìfojúsóde, alárinà, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána. Ó parí, ó gba máàkì. Ọmọ náà kò fojú rí alárinà rí, kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìjọ́hẹn lẹ́nu rí. Inú ìwé ló ti rí wọn, inú ìwé náà ló sì dá wọn padà sí.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kọ́ni ní èdè, kò sì kọ́ni ní àṣà. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ àwùjọ tí Yorùbá ń lò gan-an, kó sì ní kó dá tirẹ̀ sílẹ̀: kó pa àlọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́, kó ki ìyá rẹ̀, kó kọ lẹ́tà tí wọ́n lè kà níbi ìdána. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbà pé irú iṣẹ́ yìí ga ju ẹni tí kò tíì mọ gbólóhùn tò lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àròkọ olójú ewé méjì ló le fún un. Àlọ́ onígbólóhùn méjì kò le.

Ẹ wo lẹ́tà ìdána. Níbi ayẹyẹ òde òní, ní Ìbàdàn tàbí ní Houston, ìdílé ọkọ á gbé lẹ́tà wá, wọ́n á ti fi ríbọ́ọ̀nù dì í, alága ìjókòó á sì pe àbúrò ìyàwó kan lóbìnrin jáde pé kó wá kà á sétí gbogbo ènìyàn. Ọmọbìnrin náà á ní ojú òun kò ríran dáadáa, àwọn àna á fowó là á lójú, ìlù á dún, ìwé kíkà á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà yìí ní òfin tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kí bàbá àti ìyá ìyàwó kó tó sọ nǹkan mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìdílé tó rán an níṣẹ́. Kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀. Òdòdó kan ni wọ́n rí nínú ọgbà, òdòdó náà ni wọ́n wá tọrọ. Ẹ̀bẹ̀ àti àdúrà ni yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ́ Yorùbá fún ọdún kan lè kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́wàá, kò sì sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kò ní ẹni tó ń bá wí. Nínú ìwé gírámà, “ẹ” àti “o” jókòó sínú àtẹ, ọmọ á sì há wọn sórí. Nínú lẹ́tà ìdána, bó bá kọ “mo fẹ́ ọmọ rẹ”, bàbá ìyàwó ló kọ ọ́ sí, àrífín sì ni. Kí olùkọ́ pín kíláàsì sí ilé ọkọ àti ilé ìyàwó, kí ilé ìyàwó lè dá lẹ́tà tí kò mọ ènìyàn kí padà, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Àtúnkọ tí ọmọ kì í fẹ́ ṣe nítorí máàkì, yóò ṣe é tẹ̀rín-tẹ̀rín nítorí àna.

Oríkì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni àtakò ti le jù. Àwọn àgbà kan á ní ogún ni oríkì, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń jókòó dá sílẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Oríkì orílẹ̀, ti Olófà tàbí ti Oníkòyí, ìran ló ni ín; olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ hùmọ̀ rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́ ni. Kí ọmọ tẹ màmá àgbà láago, kó sì kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oríkì ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ìwà, iṣẹ́ àti ohun tójú ènìyàn rí láyé ni wọ́n fi ń hun ún, nígbà tó ṣì wà láàyè, kò sì sí ìran tí kò ṣe àfikún. Karin Barber, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọdún púpọ̀ ṣèwádìí ní Òkukù, fi èyí hàn nínú ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin tó ń kì í. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni òun náà nígbà kan, ó sì bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé.

Ká sọ pé nọ́ọ̀sì ni ìyá ọmọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Ohun tí ọmọ fẹ́ sọ ni pé ìyá òun ń fi òru ṣọ́ aláìsàn. Olùkọ́ á fi hàn án bí “a” ṣe ń bọ́ síwájú, tí “fi òru” á súnkì: Afòru-ṣọ́-aláìsàn. Ọmọ tó bá ti rí ìyẹn kì í dúró mọ́. Á dá òmíràn: Ajáde-nígbà-táyé-ń-wọlé. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ àti ìsúnkì, tí olùkọ́ ì bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣàlàyé, ti wọ inú orúkọ méjì. Bí ọmọ bá délé tó ki ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì yẹ̀, ìyá ni yóò tún un ṣe fún un, bíírò pupa kò sì lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àlọ́ àpamọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ó kúrú. Ọmọ Chicago tí kò rí ọmọrogùn rí lè pa ti yìnyín: baba kan da aṣọ funfun bo gbogbo àdúgbò, oòrùn yọ, ó ká aṣọ rẹ̀ lọ, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Kò sí àgbàlagbà Ọ̀yọ́ tó máa gbọ́ ọ tí yóò sọ pé kì í ṣe àlọ́. Kò pọn dandan kí abúlé àti oko wà nínú ọ̀rọ̀ kó tó di ti Yorùbá.

Wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ìtàn Fágúnwà kà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ fún un ni bí Fágúnwà ṣe débẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé ni. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1936 ló mú un kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Ẹnu ọdẹ ló gbà sọ̀rọ̀: Àkàrà-ògùn ń sọ, akọ̀wé ń kọ. Ṣáájú rẹ̀, láti 1929, I. B. Thomas ti ń gba ẹnu obìnrin aláìsàn kan, Sẹ̀gilọlá, kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé ènìyàn gidi ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Ohun tó ti wà lẹ́nu àwùjọ tẹ́lẹ̀ ni àwọn méjèèjì mú lò. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ilé pàápàá nílò irú iṣẹ́ yìí ju òkè òkun lọ. Láti 2018 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ Yorùbá di dandan ní ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń jókòó sí kíláàsì yẹn ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wọ́n, bí orúkọ wọn tilẹ̀ ń jẹ́ Adébọ́lá. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n ń lò ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìyá àgbà ń pàlọ́ fún lálaalẹ́.

Ìdánwò ni ìdènà tó kù. Ohun tí ìdánwò bá ń béèrè ni olùkọ́ á máa kọ́: àròkọ aṣàpèjúwe, àròkọ alárìíyànjiyàn, lẹ́tà gbẹ̀fẹ́. Kò sì sí ohun tó ní kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò má fi ìbéèrè kan kún un: ki ẹnì kan tí o mọ̀ dáadáa ní ìlà mẹ́jọ, tàbí kọ lẹ́tà ìdána fún ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin. Bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá wọ ìwé ìdánwò lọ́dún kan péré, àwọn olùkọ́ á ti máa kọ́ ọ ní kíláàsì kó tó di ọdún kejì.