Fíríìsà Tí Mínísítà Ní Ká Pa

Ó ti wá yé wa wàyí. Kì í ṣe gáàsì tí kò tó, kì í ṣe wáyà tó ti gbó, kì í ṣe gríìdì tó ń dà wó lemọ́lemọ́ ló fi wá sínú òkùnkùn. Fíríìsà wa ni. Olóyè Adébáyọ̀ Adélabú, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nígbà náà, ló là wá lóye lóṣù kẹrin ọdún 2024, lọ́jọ́ kejì tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúníìtì iná kan fún àwọn oníbàárà Band A, tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ, láti 68 náírà sórí 225 náírà. Ó ní iná ti dọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́ láì pa fíríìsà tí ohun inú rẹ̀ ti dì gbagidi.

Olóyè, ẹ ṣeun. Ẹja inú fíríìsà yín kò ní í yọ́ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ insulin.

Oògùn àtọ̀gbẹ yìí kò gbọ́dọ̀ dì rárá. Èyí tó bá ti dì ti di ìdànù, bó tilẹ̀ padà yọ́. Kò sì fẹ́ ooru. Inú fíríìjì, ní ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius, ni ìgò tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí a ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ilé bá tutù. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ilé ta ló tutù nínú oṣù kẹrin?

Ẹ wo ìyá ẹni 70 ọdún tó ń dá gbé. Ó ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ láàárọ̀, ó ń se ẹ̀fọ́ rẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Fíríìjì kékeré kan ni kò jẹ́ kó palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ l'Ékòó. Ìgò insulin rẹ̀ wà láàárín ike ata lílọ̀ àti ẹ̀kọ àná. Bí NEPA bá mú iná lọ (orúkọ yẹn kò kúrò lẹ́nu wa, bó ti wù kí wọ́n pa á dà tó), á ní kí ọmọ ará ilé lọ ra yìnyín ọlọ́ràá wá. Bí kò bá rí i, á fi ọ̀rá di ìgò náà, á fi sínú ife, á gbé ife sínú àmù. Àmù, Olóyè, láyé òde òní! Nígbà tí iná bá sì dé, owó tó ń ra yúníìtì mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò tún ra odidi ẹyọ kan mọ́. Onínàákúnàá tí ẹ ń bá wí nìyẹn.

A ò ní kò sí àwọn onífàájì o. A mọ ẹni tó ń fi éèsì sílẹ̀ kó máa fẹ́ sí àga. Owó ìrànwọ́ orí iná sì ń wọ ìjọba lọ́rùn, a gbọ́.

Àmọ́ aláìsàn kì í ṣe onífàájì. Kí NERC pàṣẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná kọ orúkọ àwọn aláìsàn tí oògùn tàbí ẹ̀rọ ọ́síjìn wọn nílò iná sílẹ̀, kí owó tiwọn wálẹ̀. Ìwé dókítà tó fún ẹ̀rí.

Ìyá yẹn ń lọ sípàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lónìí, wákàtí mẹ́fà ni yóò lò níta. Ṣé kó pa fíríìjì ni, Olóyè, àbí kó fi í sílẹ̀?