Oṣù Mẹ́ta Kò Tó fún Àgbẹ̀ láti Pe Ẹjọ́ Lórí Irúgbìn

Láti ọdún 2015 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí irúgbìn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yí àbùdá rẹ̀ padà. Òfin náà ni ó dá àjọ NBMA sílẹ̀ láti máa fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ tàbí kí ó fi dù wọ́n. Àwọn kan ní kí a fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àjọ yìí, nítorí adájọ́ kì í ṣe àgbẹ̀, kì í sì í ṣe onísáyẹ́ǹsì. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, àjọ náà fún ilé-iṣẹ́ Monsanto ní àṣẹ láti mú irúgbìn òwú kan wọ ọjà ní Sáríà àti agbègbè rẹ̀. Ẹgbẹ́ HOMEF, tí Nnimmo Bassey jẹ́ olórí rẹ̀, pe ẹjọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá da ẹjọ́ náà nù. Kì í ṣe pé adájọ́ yẹ òwú náà wò tí kò rí àbùkù lára rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ọjọ́ ti kọjá, nítorí pé òfin tí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún olùpẹjọ́ ní oṣù mẹ́ta péré. Láti ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn ni òfin yìí ti wà; àwọn tí ó ṣe é kò ro ti irúgbìn báyìí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìka ka oṣù mẹ́ta náà. Òwú a máa lo bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí a tó ká a. Ní Arimogija, àgbàdo tí a gbìn ní òjò àkọ́rọ̀ yóò lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó gbó tán. Bí a bá tilẹ̀ gbin irúgbìn lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àṣẹ gan-an, ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ yóò ti tì kí irè tó gbẹ. Ta ni yóò sì sọ fún àgbẹ̀ tí ó ti wà lóko láti òwúrọ̀ pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ní Àbújá? Lóòótọ́, òfin náà sọ pé bí ìpalára bá ń bá a lọ, ìgbà tí ó bá dáwọ́ dúró ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù. Ṣùgbọ́n lọ́yà ni yóò ro èyí, owó lọ́yà kì í sì í ṣe owó iṣu.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí òwú. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n fi àṣẹ sí oríṣi àgbàdo mẹ́rin tí ó lè kọjú ìjà sí kòkòrò. Afẹ́fẹ́ ni í gbé lẹ́búlẹ́bú orí àgbàdo láti oko kan bọ́ sí òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí kò ra irúgbìn yìí rárá, tí ó ń tọ́jú ti baba rẹ̀ sí orí àjà, lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù.

Èmi kò sọ pé májèlé ni irúgbìn wọ̀nyí. Ẹ̀wà tí àwọn olùwádìí ní Sáríà ṣe, tí a fọwọ́ sí ní 2019, ń dín oògùn tí a ń fín kù. Ẹni tí ó bá ti gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn rí mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó sì yẹ kí a ro ti àgbẹ̀ tí ó ti gbìn ín. Ní Amẹ́ríkà ní 2010, adájọ́ kan fagi lé àṣẹ lórí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń fi ṣe ṣúgà, nígbà tí ó ti kún oko. Ní 2013, wọ́n ṣe òfin pé bí adájọ́ bá tilẹ̀ fagi lé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣì jẹ́ kí àgbẹ̀ máa gbìn ín fún ìgbà díẹ̀. Ariwo ta, òfin náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún náà. 

Ní èrò tèmi, kí àwọn aṣòfin wa fún àgbẹ̀ ní ọdún kan ó kéré tán, kí a sì máa kà á láti ìgbà ìkórè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí irúgbìn bá dé ọjà. Kí àjọ náà kéde àṣẹ rẹ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá. Adájọ́ tí ó wà ní Àkúrẹ́ kò nílò láti mọ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kí ó tó lè bèèrè bóyá àjọ náà kéde fún ará ìlú, bóyá ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n wí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.