Ọkọ̀ wo ni ó yẹ ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì?

Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìntì, tí wọ́n sì ka owó ìdágbére lé e lọ́wọ́, owó náà kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò ná an. Ilé tí kò tíì ní òrùlé wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní ti ilé àti ìgbéyàwó, gbogbo ẹbí ni yóò jókòó dámọ̀ràn. Ní ti ọkọ̀, bàbá a dìde lọ́jọ́ kan, a gba Kútọnu lọ, a sì gbé èyí tí ó wu ojú rẹ̀ bọ̀ wálé. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú ọkọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ gùn ní ogún ọdún sẹ́yìn ni.

Èmi kò sọ pé kí àgbàlagbà má ra ọkọ̀. Ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún jókòó sẹ́yìn sẹmíjàn lọ sí ibi iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì àti búwátì tí ó dára fún òṣìṣẹ́ lè di ìyọnu fún ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì, nítorí pé ìrìn àwọn méjèèjì kò rí bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ kí a lè jọ máa lọ. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó epo láti fi ṣe agbára. Búwátì ni àpótí irin tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti táyà. Inú rẹ̀ ni fítẹ́ẹ̀sì wà. Òun ni ó ń pinnu bóyá agbára náà yóò jáde pẹ̀lú ipá, bí ìgbà tí à ń gun òkè, tàbí pẹ̀lú eré, bí ìgbà tí ọ̀nà tẹ́jú. Epo tí a mọ̀ jù ni ẹ̀sáǹsì àti gáásúwálì. Búwátì sì pín sí méjì: èyí tí à ń fi ọwọ́ yí, tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ àmbúréyàjì fún, àti èyí tí ó ń yí ara rẹ̀.

Gáásúwálì ní iyì púpọ̀ lójú àwọn àgbà wa, iyì náà kò sì ṣàdédé wá. Òun ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń mu láti Kútọnu dé Párákú. Ó lágbára, kì í sì í tètè tán nínú ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé pàápàá, ní ọdún 2012, nínú ọkọ̀ tuntun 10 tí wọ́n tà, ó lé ní 7 tí ó jẹ́ ti gáásúwálì, nítorí pé owó orí tí ìjọba ń gbà lé e lórí kéré sí ti ẹ̀sáǹsì. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó dàgbà níbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó kó púpọ̀ nínú wọn wá sí èbúté Kútọnu. Àwọn ará Faransé fúnra wọn ti kẹ̀yìn sí i báyìí: ní ọdún 2024, ọkọ̀ gáásúwálì kò tó 1 nínú ọkọ̀ tuntun 10 tí wọ́n rà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ ní kíláàsì. Ẹni tí ó ń gbé Àjàṣẹ́ tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ń rìn tó kìlómítà 60 lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀. Bí a bá fi ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ kún un, yóò rin nǹkan bí kìlómítà 15 000 lọ́dún. Nígbà tí ó bá fẹ̀yìntì, kí ni ó kù? Ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, ilé ìwòsàn, àti òkú tí a ń lọ sin ní Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Gbogbo rẹ̀ kò ju kìlómítà 5 000 lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ ẹ̀sáǹsì ń mu lítà 7 ní kìlómítà 100, kí ti gáásúwálì máa mu lítà 5 àbọ̀. Ní kìlómítà 5 000, lítà 75 ni gáásúwálì fi dín kù. Bí a bá ka lítà kan sí fáráǹ 700, èrè ọdún kan jẹ́ fáráǹ 52 500. Bí ọkọ̀ gáásúwálì bá wá fi mílíọ̀nù kan fáráǹ wọ́n ju èkejì rẹ̀ lọ, ọdún 19 ni yóò gbà kí epo tó san owó náà padà. Bàbá tí ó rà á ní ẹni ọdún 60 yóò ti pé ọdún 79. Òṣìṣẹ́ tí ó ń rin kìlómítà 15 000 yóò rí owó tirẹ̀ gbà padà ní nǹkan bí ọdún 6. Ọkọ̀ kan náà ni. Ìrìn ni ó yàtọ̀.

Owó epo sì nìyẹn, a kò tíì dé ibi àtúnṣe. Láti bí ọdún 2011, ọkọ̀ gáásúwálì tuntun tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù máa ń ní asẹ́ nínú ọ̀pá èéfín rẹ̀. Bí asẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì ṣe ń dá èérí dúró ni èyí ṣe ń dá ẹ̀fin dúdú dúró. Asẹ́ ògì tí ó bá kún, omi la fi ń fọ̀ ọ́. Asẹ́ ọkọ̀, iná ló ń fọ̀ ọ́: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ẹ̀fin náà tó jóná di eérú. Kí ó tó gbóná bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ní láti sáré lójú ọ̀nà gbọọrọ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdúró. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ láti ilé dé ọjà Ouando, láti Ouando dé ilé, kò lè fún un ní irú iná bẹ́ẹ̀ láé. Asẹ́ yóò dí, àmì pupa yóò tàn, ẹ́ńjìnnì yóò di òṣónú, owó asẹ́ tuntun yóò sì gbé èrè epo ọ̀pọ̀ ọdún mì. Àwọn kan a máa ní kí mẹkáníìkì gé asẹ́ náà kúrò. Èéfín tí wọ́n tú sílẹ̀ nígbà náà, ọmọ-ọmọ wọn tí ń ṣeré lẹ́yìn ọkọ̀ ni yóò fà á símú.

Imí-ọjọ́ inú epo náà tún wà ńbẹ̀. Láti ọdún 2009, òfin Yúróòpù kò gbà ju ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ, epo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun wọn fún. Ìwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fẹnu kò lé lórí ní ọdún 2020 jẹ́ 50. Ìlọ́po márùn-ún ni, kódà bí gbogbo olùtajà bá pa òfin mọ́.

Ẹ̀sáǹsì ni mo fara mọ́ fún ẹni tí ó ń gbé ìlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ẹ̀sáǹsì. Àwọn kéékèèké ìsinsìnyí tí a fi túúbò sí, tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé tipátipá, ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n kì í fara da epo ẹlẹ́gbin tàbí òróró ẹ́ńjìnnì tí a pẹ́ kí a tó pààrọ̀. Èyí tí kò ní túúbò ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá sì ti ra ọkọ̀ tán, ẹ fi kpayo sílẹ̀. Ta ni ó mọ ohun tí wọ́n bù mọ́ ọn lójú ọ̀nà? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, ẹ̀dínwó tí à ń rí nínú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́ bí ti àtijọ́.

Mo wá dé orí búwátì, níbi tí ìgbéraga ti ń jà jù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá púpọ̀ pé búwátì tí ń yí ara rẹ̀, ọkọ̀ obìnrin ni. Wọn a ní ẹni tí kò bá yí fítẹ́ẹ̀sì kò tíì wa ọkọ̀. (Àwọn ìyá tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ àti agbẹ̀bí, tí wọ́n ti fi ọwọ́ yí fítẹ́ẹ̀sì láti ìgbà èwe wọn, a máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ èyí.) Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣe ní afárá Àjàṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí sẹmíjàn bá yí ọkọ̀ ká: tẹ̀ ẹ́, tú u, sún díẹ̀, tẹ̀ ẹ́ padà. Láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ náà lè tẹ àmbúréyàjì ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni ọdún 65 tí làkúrègbé ti wọ orúnkún rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n dé òru. Orúnkún tí ń dùn kì í sì í yára, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé tí ó sáré bọ́ sójú títì kò ní dúró dè é.

Nítorí náà, fún ìlú, búwátì tí ń yí ara rẹ̀ ni mo yàn láìṣiyèméjì. Ẹni tí ó ti kọ́ ìwé kíkà yóò rí lẹ́tà mẹ́rin lára ọ̀pá rẹ̀. P ni ìdúró pátápátá, R ni ẹ̀yìn, N ni ipò tí ẹ́ńjìnnì kò ti fa táyà, D ni iwájú. Ewu kan wà níbẹ̀: ẹsẹ̀ òsì tí ó ti mọ àmbúréyàjì lára fún ọgbọ̀n ọdún yóò fẹ́ tẹ nǹkan, bírékì ni yóò sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ fi ọ̀tún nìkan ṣe méjèèjì, kí ẹ sì fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ ọ ní pápá kí ẹ tó bọ́ sójú títì.

Irú búwátì bẹ́ẹ̀ náà kò dọ́gba. Èyí tó ti pẹ́ jù, tí òróró ni ó ń gbé agbára kọjá nínú rẹ̀, ni àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ jù, nítorí pé òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Àwọn kan ní àmbúréyàjì méjì nínú tí ẹ̀rọ ń tẹ̀. Àwọn tí òróró kò tu àmbúréyàjì wọn lára a máa gbóná púpọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìbéèrè tí ó tó béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò yín kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ó ti tú irú èyí rí, tí ó sì tò ó padà tí ó ṣiṣẹ́?

Ẹni tí ó padà sí oko ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó ń ru iṣu àti káṣú jáde lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bá bọ̀. Ẹrù wúwo àti ìrìn gígùn ni gáásúwálì mọ̀ ọ́n ṣe, búwátì tí à ń fi ọwọ́ yí sì ṣeé tún ṣe ní abúlé. Kí ó ra èyí tí ó ti wà kí asẹ́ tó dé, bí ó bá lè rí i. Ní ti ọkọ̀ oníná mànàmáná, kí iná kọ́kọ́ dúró déédéé nílé wa ná.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹni tí yóò wa ọkọ̀ náà nígbà tí ara yín kò bá yá lọ́wọ́ lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Kí ó jókòó, kí ó wà á yíká. Bí ìyàwó yín tàbí ọmọ yín obìnrin kò bá lè yí i jáde nínú ọgbà ní òru tí èémí yín bá ń há, ọkọ̀ náà kò tíì bá ilé yín mu, bó ti wù kí ó dán tó.