Ẹ Yéé Dá Ọ̀pá Lẹ́bi

Ẹ wo ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù snooker tí kò wọ ihò. Kò ní wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò ní wo ibi tó fẹsẹ̀ dúró sí. Ọ̀pá ló máa kọ́kọ́ wò. Á gbé e sókè, á tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bíi pé ọ̀pá náà ló jẹ ẹ́ ní gbèsè, lẹ́yìn náà á wá máa fi ṣọ́ọ̀kì pa á kíákíá. Àgbà ń ṣe é, ọmọdé ń ṣe é. N kò bá má dá sí i, àmọ́ owó ẹgbẹ́ ti fẹ́ bá ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí.

(Pool lorúkọ eré yìí lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sára bọ́ọ̀lù rẹ̀ láti 1 dé 15. Àwa tí a wá láti Naija, snooker la máa ń pe gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà á ṣe máa pè é, ẹ má bínú.)

Nínú ẹgbẹ́ wa níbí ní Maryland, tábìlì kan wà ní gbọ̀ngàn tí à ń lò. Lọ́jọ́ Sátidé, bí kíláàsì Yorùbá bá ti parí, ìdí tábìlì yẹn làwọn ọmọ wa lọ́kùnrin lóbìnrin máa ń kóra jọ sí. Níbi ìpàdé tó kọjá, àwọn bàbá kan dábàá pé ká fi owó ẹgbẹ́ ra ọ̀pá mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n fi carbon fiber ṣe, káwọn ọmọ lè máa gbá a dáadáa. Ọ̀kan nínú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lè gba 500 dọ́là. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin, 2,000 dọ́là nìyẹn, owó táwọn míì fi iṣẹ́ òru wá. Àwọn ìyá kan dáhùn pé kí wọ́n tiẹ̀ gbé tábìlì náà kúrò ńlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní eré ọmọ ìta ni, pé ẹ̀gbẹ́ ilé ọtí ni wọ́n ti ń gbá a ní Ìbàdàn àti Èkó, tí wọ́n sì ń fi ta tẹ́tẹ́. Èmi ò sí lẹ́yìn àwọn bàbá, mi ò sì sí lẹ́yìn àwọn ìyá.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ò parọ́. Ojú tèmi náà rí i nílé. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ọ̀tọ̀, tábìlì ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe, ilẹ̀ yìí ni mo sì ti gba oyè kejì, mi ò tíì rí ibòmíì tó rọrùn tó ìdí tábìlì yẹn láti fi han ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bí wọ́n ṣe ń dán nǹkan wò. Bọ́ọ̀lù ò mọ ojúsàájú. Kò mọ ọmọ olówó, kò mọ àwọ̀ ara, kò sì bìkítà bí òyìnbó rẹ ṣe ń dún lẹ́nu. Bó o bá ṣe gbá a náà ló ṣe máa lọ. Coriolis, ọ̀mọ̀wé ará Faransé táwọn ọmọ wa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń kọ́ nípa bí ayé ṣe ń yí tó sì ń darí afẹ́fẹ́, odidi ìwé ìṣirò ló kọ lórí eré yìí lọ́dún 1835. Kì í ṣe ọmọ ìta.

Ó wá ku ẹ̀yin bàbá. Mi ò sọ pé irinṣẹ́ ò ṣe nǹkan o. Nígbà kan rí, igi lásán ni ẹnu ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ lọwọ́ ò sì tó àtimú bọ́ọ̀lù yí bó ṣe wuni. Ìgbà tí wọ́n fi awọ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fi ṣọ́ọ̀kì pa á, ni eré náà di ohun tó dà lónìí. Bọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Eyín erin ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, àjànàkú ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára àwọn tó bá eré yìí ṣòfò. Lẹ́yìn ọdún 1860, nígbà tí eyín erin wọ́n gan-an, tí ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ṣèlérí 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá rí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ló gbé John Wesley Hyatt dédìí iṣẹ́ tó fi ṣe celluloid. Nítorí náà irinṣẹ́ ní àyè tirẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí 500 dọ́là fẹ́ rà. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù funfun ní apá òsì kó lè máa yí, kì í lọ tààrà síbi tí ọ̀pá kọjú sí. Á yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹnu ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kì í fara kanra ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n láàárín ìyẹn, ìwúwo iwájú ọ̀pá ti sún bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iwájú ọ̀pá carbon fúyẹ́, ìyàpa náà sì dín kù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́wàá mọ bí ọ̀pá igi tirẹ̀ ṣe ń yà, bó bá gba ọ̀pá tuntun, ojú rẹ̀ á ṣì máa ṣe ìṣirò àtijọ́, á sì máa tàsé. Ọmọ tí kò tíì lè gbá àárín bọ́ọ̀lù gan-an, tí kò tíì mọ̀ọ́mọ̀ yí bọ́ọ̀lù rí, kí ló fẹ́ fi ìyàpa tó dín kù ṣe?

Mo yẹ ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gbọ̀ngàn wò. Awọ ẹnu mẹ́rin nínú wọn ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán bí awo. Irú awọ bẹ́ẹ̀ kì í gba ṣọ́ọ̀kì, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Awọ tuntun ò ju dọ́là díẹ̀ lọ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ fi sáńpépà fá a títí yóò fi tẹ̀ roboto bí etí owó nickel. Àwọn kan fẹ́ kó rí bíi ti dime, tó tún ṣe ṣóńṣó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èwo ló dáa jù? Ẹ gbá méjèèjì, ẹ kà á.

Kíkà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi. Kó tó kan ọ̀pá, ẹ wo ọwọ́ ná. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù funfun nìkan sórí tábìlì, ẹ gbá àárín rẹ̀ tààrà kó lọ kan rọ́bà etí tábìlì lọ́hùn-ún kó sì padà. Bó bá padà wá bá ẹnu ọ̀pá yín, ó dáa. Bó bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹ ò gbá àárín, ojú yín ló ń tàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ to bọ́ọ̀lù méjì sójú ìlà kan náà pẹ̀lú ihò igun, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ kọ iye tó wọlé. Ẹ wá yí ohun kan ṣoṣo padà. Bóyá ọwọ́ tí ẹ fi gbé ọ̀pá lé níwájú ló máa jìnnà sí bọ́ọ̀lù ní 15 sẹ̀ntímítà dípò 25. Bóyá ẹ máa dúró díẹ̀ kí ẹ tó ti ọ̀pá síwájú. Ohun kan ṣoṣo o! Ẹni tó pààrọ̀ ọ̀pá, ìdúró àti ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ kan náà, tó wá gbá a dáadáa, èwo ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ má sì jẹ́ kí 13 nínú 20 mú yín fò sókè torí pé 11 lẹ gbá lánàá. Oríire lásán lè ṣe ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó pé 100.

Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ń ṣe é báyìí. Bàbá rẹ̀ ló máa ń kígbe pé kó di ọ̀pá mú ṣinṣin. Ó di í mú ṣinṣin lẹ́ẹ̀mejìdínláàádọ́ta, rárá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé: ó gbá 100, 41 wọlé. Ó dẹ ọwọ́, ó gbá 100 mìíràn, 58 wọlé. Ó gbé ìwé náà fún bàbá ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀gbẹ́ni náà wo ìwé, ó wo ọmọ, ó ní, “Gbé ọ̀pá yẹn wá.” Wọ́n wà níbẹ̀ di aago mẹ́wàá alẹ́. Bàbá àti ọmọ tí wọn kì í sọ ju “ẹ káàárọ̀, sà” àti “ṣé o ti ṣe iṣẹ́ iléèwé ẹ” fúnra wọn látìgbà tí ọmọ ti wọ high school.

Àwọn kan á ní eré lásán ni, kí ló dé tí mo fẹ́ sọ ọ́ di iléèwé. Bó bá jẹ́ eré lásán, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pe 2,000 dọ́là.

Ohun tí màá sọ níbi ìpàdé ni pé ká ra awọ tuntun, ká ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ká fún àwọn ọmọ ní oṣù méjì. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti ní ọ̀pá carbon nílé, ẹ gbé tiyín wá, káwọn ọmọ fi gbá 100 tiwọn, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀pá igi. Bí ìyàtọ̀ bá tó nǹkan, èmi ni màá kọ́kọ́ dá owó. Bí kò bá tó nǹkan, kíláàsì Yorùbá nílò ìwé kíkà, àwọn olùkọ́ ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́.

Màá mú gọ́ọ̀mù àti sáńpépà wá ní Sátidé. Kí ẹnì kan bá mi mú bírò.